Ọ̀nà Ló Mú Ọnà Wá: Lámídì Fákẹ́yẹ, Jacob Lawrence àti Àwọn Ère Èsìẹ́

Bí èèyàn bá bi àwọn àgbà ilẹ̀ wa léèrè ibi tí orúkọ Ìgbómìnà ti wá, ìtàn àdá ni wọ́n máa ń sọ. Wọ́n ní nígbà tí ọmọ Odùduwà tó di Ọ̀ràngún fẹ́ kúrò ní Ifẹ̀, bàbá rẹ̀ gbé àdá kan lé e lọ́wọ́, àdá náà ń jẹ́ Ogbó. Níbi tí igbó bá ti dí, tí ẹsẹ̀ ò mọ ibi tí yóò gbà, Ogbó ni yóò là á. Ni wọ́n bá ń wí pé Ogbó mọ̀nà, ọ̀rọ̀ náà sì di orúkọ. Àwọn òpìtàn lè máa bá ara wọn jiyàn lórí rẹ̀. Ohun tí àwa fẹ́ mú níbẹ̀ ni pé irin tó mú ni ìtàn yìí fi ṣe amọ̀nà. Irin tó mú náà ni agbẹ́gilére fi ń jẹun. Nílẹ̀ wa, ọ̀nà àti ọnà ò jìnnà síra, àmì ohùn kan péré ló wà láàárín wọn.

Ìdí tí a fi ń sọ èyí ni àríyànjiyàn kan tó máa ń wáyé nígbàkúùgbà tí orúkọ oníṣẹ́ ọnà tó ti rin ìrìnàjò bá bọ́ sẹ́nu. Àwọn kan á ní òkè òkun ti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, pé òyìnbó ló ń ṣiṣẹ́ fún. Àwọn mìíràn á ní bí kò bá sí òkè òkun, ta ni ì bá mọ̀ ọ́n? Lójú tiwa, ọkọ̀ òfuurufú ni ìhà méjèèjì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, wọn ò tíì dórí iṣẹ́. Iṣẹ́ la fẹ́ wò nínú àròkọ yìí. Ènìyàn méjì la ó sì fi wò ó: Lámídì Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ, agbẹ́gilére ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, àti Jacob Lawrence, ayàwòrán aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà. Láàárín 1962 sí 1964, ọ̀kan ń ti ilẹ̀ wa lọ, èkejì ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ìlá-Ọ̀ràngún wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí, Òmù-Àrán àti Èsìẹ́ wà ní Kwara. Ààlà ìjọba nìyẹn, Ìgbómìnà ni gbogbo wa. Ọdún 1928 ni wọ́n bí Lámídì sí ìdílé tó ti ń gbẹ́ igi láti ìran dé ìran. Ẹ wo orúkọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fákẹ́yẹ jẹ́ orúkọ ilé onífá. Ọlọ́nàdé jẹ́ orúkọ ilé oníṣẹ́ ọnà, ìyẹn ni pé ẹni tó ni ọnà ti dé. Lámídì jẹ́ orúkọ mùsùlùmí, mùsùlùmí ló sì jẹ́. Kó tó gbẹ́sẹ̀ kúrò ní àgbàlá bàbá rẹ̀ rárá, ọ̀nà mẹ́ta ti pàdé lára rẹ̀.

Ilé ló ti kọ́kọ́ mú ọ̀bẹ. Àmọ́ ìrìnàjò àkọ́kọ́ tó yí ọwọ́ rẹ̀ padà kò ju ilẹ̀ Èkìtì lọ. Ní 1947, àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà méjì, Kevin Carroll àti Sean O'Mahony, dá ibi iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Wọ́n kó àwọn agbẹ́gilére, ahunṣọ àti àwọn tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ dárà jọ, kí wọ́n máa fi ọwọ́ Yorùbá ṣe ohun tí ìjọ ń lò. Bándélé, ọmọ Aréògún ti ìlú Òsì, ni ọ̀gá àwọn agbẹ́gilére níbẹ̀. Òsì yìí ò jìnnà sí Òmù-Àrán, òkìkí Aréògún sì ti kan káàkiri agbègbè wa kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Carroll. Lámídì dé Ọ̀yẹ́ ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1940. Ó ti mọ iṣẹ́ díẹ̀ láti ilé, síbẹ̀ ó jókòó sábẹ́ Bándélé bí ọmọ iṣẹ́, ó tún un kọ́.

Ohun tó le jù nínú ìrìnàjò oníṣẹ́ ọnà nìyẹn, kí ọmọ tí ìdílé rẹ̀ lórúkọ gbà láti di ọmọ iṣẹ́ ní ilé ẹlòmíràn. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé ò bá dé oko baba ẹlòmíì, yóò ní kò sí oko baba ẹni tó tó ti baba òun. Lámídì dé oko baba Bándélé. Bí ojú ère ṣe ń yọ síta, bí ẹsẹ̀ ẹṣin ṣe ń kúrú kí ẹni tó gùn ún lè tóbi, bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀bẹ fín aṣọ àti ìlà ojú nígbà tí ara ère bá ti dán tán: ó rí i pé ilé kọ̀ọ̀kan ló ní bí ó ṣe ń ṣe é. Ẹni tí kò rí ju ti ilé rẹ̀ lọ, àṣà ló ń tẹ̀ lé. Ẹni tó bá ti rí méjì ti lè yàn. Láti ìgbà yìí lọ, bí Lámídì bá gbẹ́ nǹkan bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ ní Ìlá, a lè sọ pé ó yàn án ni.

Ẹ má gbàgbé pé irú ìrìn báyìí ti wà tipẹ́. Agbẹ́gilére ilẹ̀ wa kì í jókòó sójú kan kí iṣẹ́ wá bá a. Ọba ìlú mìíràn á ránṣẹ́ pè é, á kó ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dání, á máa gbé ààfin, wọn á máa fún un lóúnjẹ títí òpó àti ilẹ̀kùn yóò fi parí. Ìdí nìyí tí a fi lè rí ọwọ́ ọkùnrin kan ní ìlú mẹ́ta mẹ́rin tí kò sí lábẹ́ ọba kan náà. Òde òní mú kí ọ̀nà gùn sí i ni. Ẹni tó ń pè ló yàtọ̀, ohun tó ń pè é fún náà sì yàtọ̀. Ibẹ̀ ni ìbéèrè wa wà.

Ní Ọ̀yẹ́, ìjọ ló ń pè. Mùsùlùmí ọmọ ilé onífá wá ń gbẹ́ ìbí Jésù, níbi tí àwọn ọba mẹ́ta ti dé adé onílẹ̀kẹ̀ bí ọba Èkìtì. Àwọn kan ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa ò rí ohun tó ń pa ni lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ ilé Yorùbá mọ̀ pé ìyá lè jẹ́ onígbàgbọ́, kí ẹ̀gbọ́n jẹ́ mùsùlùmí, kí bàbá àgbà sì ní ọpọ́n Ifá nínú yàrá. Ohun tó yẹ kí á bi ara wa ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ère. Nínú iṣẹ́ àtijọ́, obìnrin tó kúnlẹ̀ tó pọn ọmọ ń tọrọ nǹkan ni, tàbí ó ń dúpẹ́ pé wọ́n ti fún òun. Ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ní ẹni tó ń kúnlẹ̀ fún. Nígbà tí obìnrin yìí bá di Màríà, ẹni tí ń kúnlẹ̀ ti di ẹni tí àwọn mìíràn ń kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Igi kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni, ojú tó yọ síta náà ni, ṣùgbọ́n àdúrà ti yí ìhà. Agbára Lámídì ni pé nínú àwọn iṣẹ́ rẹ̀ tó dára jù, ó jẹ́ kí ìkúnlẹ̀ yẹn ṣì ní ìtumọ̀. Obìnrin rẹ̀ kì í bojú wo ẹni tó wá wò ó. Ojú rẹ̀ wà níbòmíràn.

Ilẹ̀kùn ni a ti máa ń rí i dáadáa. Ó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ilé ìjọsìn àwọn Àgùdà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó gbẹ́ fún ààfin Ọọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ka irú ilẹ̀kùn yìí, bí ìgbà tí èèyàn ń ka ìwé ni. Wọ́n á pín in sí àpótí àpótí, ọ̀kan lórí èkejì. Ẹni tó gun ẹṣin á wà níhìn-ín, babaláwo àti ọpọ́n rẹ̀ á wà lọ́hùn-ún, onílù, abiyamọ, ẹni tó ń gun ọ̀pẹ, kálukú nínú ilé tirẹ̀. Kò sí ẹni tó ṣáájú, kò sí ẹni tó kẹ́yìn. Ìlú ló wà lójú igi yẹn. Ẹ sì wò ó, ilẹ̀kùn ló jẹ́. Ó ní láti ṣí, ó ní láti tì. Ọwọ́ àwọn èèyàn á máa kàn án lójoojúmọ́, ibi tí ọwọ́ ti ń kàn án jù á máa dán sí i. Iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń lò ni.

Ní 1962, ìjọba ilẹ̀ Faransé fún Lámídì ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ó sì lọ sí Paris láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ òkúta. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí. Ọmọ Ìgbómìnà lọ sí Paris lọ kọ́ iṣẹ́ òkúta! Ẹni tó bá mọ Èsìẹ́ á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà á sì korò díẹ̀. Ère òkúta tó lé ní 1,000 ló wà ní Èsìẹ́, àwọn tó gbẹ́ wọn ti kú láti ayébáyé. Ẹ̀kọ́ tí ì bá ti ọwọ́ bàbá dé ọwọ́ ọmọ ní ilẹ̀ wa ti já sọ́nà, ọmọ wá ní láti sọdá òkun kó tó rí ẹni kọ́ ọ. A ó padà sí ọ̀rọ̀ Èsìẹ́ níwájú.

Láti ibẹ̀ ó dé Amẹ́ríkà. Ní 1963, ó wà ní Western Michigan University ní ìlú Kalamazoo, ó ń gbẹ́ igi lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, ó lọ, ó bọ̀, kò níye. Ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní gbọ̀ngàn Kennedy Center ní Washington. Ní 1978, ó di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, ibẹ̀ náà ló gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní gbọ̀ngàn Odùduwà sí. Ní 2006, UNESCO kà á mọ́ àwọn ènìyàn tí wọ́n jẹ́ ìṣúra. Ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá 2009 ló jáde láyé.

Ohun tó yẹ kó ya ẹni tó bá to gbogbo ìrìn yìí lẹ́nu ni pé kò fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀. Yìnyín Michigan ò sí níbẹ̀. Àwọn afárá Paris ò sí níbẹ̀. Abiyamọ, ẹlẹ́ṣin, onílù àti babaláwo tó kó lọ ló kó bọ̀. Ìrìnàjò yìí ò fún un ní ohun tí yóò gbẹ́. Ẹni tí yóò gbẹ́ fún ló fún un, ìyẹn sì yí nǹkan mẹ́ta padà.

Àkọ́kọ́ ni orúkọ. Àwọn bàbá rẹ̀ kì í kọ orúkọ sára igi, nítorí gbogbo ìlú ló mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí igi bá ti sọdá òkun, ta ni yóò sọ fún wọn? Lámídì ń kọ orúkọ rẹ̀ sára iṣẹ́. Èrè nìyẹn, a ò sì gbọ́dọ̀ fojú kéré rẹ̀. Àìmọye ère ilẹ̀ wa ló wà nínú àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òyìnbó, tí wọ́n kàn kọ "Yorùbá" sí lábẹ́, bí ẹni pé gbogbo wa la para pọ̀ gbẹ́ ẹ lọ́jọ́ kan náà.

Èkejì ni àwọ̀. Ère àtijọ́ nílẹ̀ wa máa ń ní kíkùn: ẹfun, osùn, ẹ̀lú, nígbà tó sì yá, ọ̀dà inú agolo. Wọ́n tún máa ń tún un kùn bí ọdún bá ti yí po, ìyẹn ni pé àwọn tó ni ère ń bá agbẹ́gilére parí iṣẹ́ náà títí láé. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ Lámídì ni kò ní ọ̀dà. Igi ló fi hàn, ó dán, ó mọ́, ojú ọ̀bẹ hàn kedere. Ó rẹwà púpọ̀. Síbẹ̀ ó jẹ́ ẹwà tó ti parí pátápátá, kò sí ohun tó kù fún ìyá arúgbó kan láti fi osùn ọwọ́ rẹ̀ ṣe sí i. Ní tiwa, èyí ni ohun tó tóbi jù tí ìrìnàjò gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni àtúnṣe ohun kan náà. Olówó tó ń bẹ lókèèrè fẹ́ ohun tó rí lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí abiyamọ kan bá tà, wọ́n á tún ní kó gbẹ́ òmíràn. Ọwọ́ Lámídì ò fìgbà kan di ọwọ́ gìdìgìdì, ṣùgbọ́n àwọn ère kan wà lára iṣẹ́ rẹ̀ ìkẹyìn tó jẹ́ pé ọwọ́ ló gbẹ́ wọn, ọkàn ò sí níbẹ̀ púpọ̀. Kò sí oníṣẹ́ tó ń jẹun nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí irú èyí ò lè ṣẹlẹ̀ sí, a kàn ń sọ ọ́ kí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ má bàa máa ki gbogbo rẹ̀ ní oríkì kan náà ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó ń bọ̀ níhà kejì. Ọdún 1917 ni wọ́n bí Jacob Lawrence ní Atlantic City. Ìyá àti bàbá rẹ̀ wá láti gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n wà lára àwọn aláwọ̀ dúdú tó kó ẹrù wọn lọ sí àríwá torí ìyà àti àìríṣẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tó dé Harlem. Ní 1940 sí 1941, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ó ya ìtàn ìṣíkiri yẹn sórí pátákó kékeré 60. Bó ṣe yà á ló jọ wá lójú. Ó tẹ́ gbogbo pátákó náà sílẹ̀, ó mú àwọ̀ kan, ó fi kun ibi tí àwọ̀ yẹn bá dé lórí gbogbo wọn, kó tó mú àwọ̀ mìíràn. Ìyẹn ló jẹ́ kí búlúù tó wà lórí pátákó kìíní jẹ́ búlúù kan náà tó wà lórí ọgọ́ta. Lónìí, mùsíọ́ọ̀mù méjì ló pín wọn, ìdajì ní New York, ìdajì ní Washington.

Ṣé ẹ rí i? Ilẹ̀kùn Lámídì àti pátákó Lawrence, àpótí àpótí ni méjèèjì. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé ìtàn ọ̀pọ̀ èèyàn ò ṣeé sọ nínú àwòrán kan ṣoṣo.

Ní 1962, Lawrence kó àwòrán rẹ̀ wá sí Nàìjíríà, wọ́n ṣe àfihàn rẹ̀ ní Ìbàdàn àti Èkó lábẹ́ ẹgbẹ́ Mbárí. Ẹgbẹ́ yìí ni Ulli Beier àti àwọn bíi Wọlé Ṣóyínká, Christopher Okigbo àti J. P. Clark dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1961. Àbẹ̀wò yẹn ò tó o. Ní 1964, ó padà wá pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Gwendolyn Knight, tí òun náà jẹ́ ayàwòrán, wọ́n sì lo nǹkan bí oṣù mẹ́jọ. Ó ya àwọn àwòrán tó fi ilẹ̀ wa ṣe. Èyí tí a mọ̀ jù nínú wọn ni Street to Mbari, tó wà ní National Gallery of Art ní Washington.

Títì ọjà ni. Kò sí ibi tí ojú lè sinmi sí. Òrùlé páànù, ìtì aṣọ, igbá lórí, ọmọ lẹ́yìn, èèyàn lórí èèyàn, yẹ́lò gbá búlúù, pupa gbá àwọ̀ ilẹ̀. Ìlà òrùlé páànù di ọnà, aṣọ tó wà lórí àtẹ di ọnà, aṣọ tó wà lára èèyàn náà di ọnà, débi pé ó máa ń ṣòro láti mọ ibi tí èèyàn parí sí àti ibi tí ọjà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Àwòrán yìí dá òwe náà níyàn díẹ̀. Àwa tí a ń gba ọjà kọjá lójoojúmọ́, mélòó nínú wa ló ti wo páànù rí bí ohun tó rẹwà? Òjò la mọ̀ ọ́n mọ́. Àlejò ló wò ó tó rí i pé ó ní ìlù.

Ṣùgbọ́n òwe ò purọ́ tán. Ohun tí Lawrence ò rí ni ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nínú ìtàn ìṣíkiri, bí ojú ò tilẹ̀ hàn, a mọ ohun tó ń lé àwọn èèyàn yẹn, ebi ni, ọkọ̀ ojú irin ni, ìbẹ̀rù ni. Àwọn òbí tirẹ̀ ni. Nínú Street to Mbari, a ò mọ ibi tí ẹnikẹ́ni ń lọ. Ọjà ń hó, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ èdè rẹ̀. Ayọ̀ ló kún inú àwòrán náà, ayọ̀ ọmọ tó dé ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ròyìn fún un, ayọ̀ náà sì ga débi tí kò ráyè béèrè iye tí wọ́n ń ta tòmátò. A ò bá a wí sí i. Oṣù mẹ́jọ ni. Kì í ṣe ọdún mẹ́jọ.

Nígbà tí a bá wá gbé àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ohun tí a rí nìyí. Ayàwòrán jáde nílé, ohun tó rí lọ́nà wọ inú iṣẹ́ rẹ̀. Agbẹ́gilére jáde nílé, ohun tó rí lọ́nà ò wọlé, ṣùgbọ́n ọ̀nà fúnra rẹ̀ wọ inú igi láti ẹ̀yìn, ó bó àwọ̀ rẹ̀, ó kọ orúkọ sí i lára, ó yọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ààfin, ó gbé e kọ́ sára ògiri funfun. Èyí tó rọrùn láti rí ni ti ayàwòrán. Ti agbẹ́gilére ló jinlẹ̀ jù, nítorí pé ẹni tó bá wo ère náà lásán á rò pé kò sí ohun tó yí padà.

A ṣèlérí láti padà sí Èsìẹ́. Ní 1933, òyìnbó kan tó ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ ìjọ CMS, H. G. Ramshaw, mú ìròyìn àwọn ère náà dé etí àwọn ará ìta. Lọ́dún 1945, wọ́n kọ́ mùsíọ́ọ̀mù sí ibẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà. J. D. Clarke, tó jẹ́ olùkọ́ ní Òmù-Àrán ní àwọn ọdún 1930, náà kọ̀wé nípa àwọn ère náà. Àwọn ará ìlú ti mọ̀ wọ́n ṣáájú gbogbo wọn, wọ́n sì ń ṣọdún wọn. Ọkùnrin wà níbẹ̀, obìnrin wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn jókòó sórí àpótí, àwọn kan mú ohun ìjà dání, àwọn kan ń lu ìlù tàbí ń fọn fèrè. Irun wọn dídì ṣì hàn, ìlà ojú wọn ṣì hàn. Orí ọ̀pọ̀ wọn ti já.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Èsìẹ́ ni pé èèyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Àlejò ni wọ́n, wọ́n ti ibòmíràn wá, ohun kan sì ṣẹlẹ̀ tó sọ wọ́n di òkúta. Ní gbogbo ìgbà tí a bá rántí ìtàn yìí, ó máa ń dà bíi pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà ló ń sọ. Arìnrìn-àjò tó dúró sójú kan di òkúta. Ẹni tó mọ ibi tó ti wá kò sí mọ́, ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ kò sí mọ́, ẹwà rẹ̀ ló kù. Àwọn onímọ̀ ń wọn òkúta náà, wọ́n ń ka ìlà ojú wọn, wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lórí bóyá Ifẹ̀ tàbí Nupe ni wọ́n ti wá. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo tó mú irin bá òkúta yẹn ò sí níbẹ̀.

Ẹ̀rù tó ń bà wá nìyẹn, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí a fi kọ àròkọ yìí ní Yorùbá. Lámídì Fákẹ́yẹ kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Amẹ́ríkà, ó jáde níbẹ̀ ní 1996, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí àwọn ni wọ́n jókòó tì í tí wọ́n béèrè. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Òmù-Àrán tó bá fẹ́ mọ bí ọmọ Ìgbómìnà kan ṣe ń gbẹ́ igi, ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n tẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni yóò wá. Bó bá fẹ́ rí ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n á ní Washington. Bó bá wọ ilé bàbá àgbà rẹ̀, òpó kọnkéré ló máa bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí ikán ti jẹ òpó igi, tàbí ẹnì kan ti wá rà á ní òru. Àwa náà á wá di ẹni tó ń rin ìrìnàjò lọ wo ara wa.

Kò sí ohun tó burú nínú pé Lámídì lọ. Ogbó ló mọ̀nà, wọ́n ní kó máa lọ ni. Àdá inú ìtàn náà kì í kàn ń la ọ̀nà lọ, wọ́n ní òun ló tún ń mú wọn padà délé. Ohun tí ọkùnrin náà ṣe láti padà, ó ṣe é: ó kọ́ni ní Ifẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọmọ iṣẹ́ àti ẹbí rẹ̀ ṣì ń gbẹ́ igi. Ó kù tiwa. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa ní Irẹ́pọ̀dùn, ní Ìfẹ́lódùn, ní Ìsin, ní Ìlá, lè kó ọmọ lọ sí Èsìẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo láàárín ọdún, ọkọ̀ ò ní ju wákàtí díẹ̀ lọ. Kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà fi ojú ara rẹ̀ wo bí wọ́n ṣe di irun sára òkúta. Kí wọ́n sì wá agbẹ́gilére kan tó ṣì wà láàyè, kó jókòó níwájú wọn pẹ̀lú igi tútù, kó sọ fún wọn ní ẹ̀ka èdè wa ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe. Bí ẹnì kan nínú àwọn ọmọ yẹn bá wá di ayàwòrán, tó rin títí dé Paris tàbí Kalamazoo, á kúkú mọ ohun tó ń gbé lọ.